Tẹ̀tẹ̀ Tó Hù Láàárín Ẹ̀wà

Oko ẹ̀wà ọkọ mi wà lẹ́bàá títì tó ti Ìyìn lọ sí Adó, níbi tí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò ti lè rí i kedere. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgíríkì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́, fi yàn án. Wọ́n fẹ́ oko tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá yóò máa wò, kí ẹ̀wà inú rẹ̀ lè jẹ́rìí fún òfin tí à ń ṣe. Ìjọba ológun ń múra àtigbé àga fún àwọn alágbádá nígbà náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a sì wà. Mo ti lo ọdún díẹ̀ nílé ọkọ, n kò tí ì bímọ.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà, mo sì ń bá wọn pàdé níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Mo ti kọ́ láti máa wo ibi tí mo bá fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ sí.

Kòkòrò ló fa òfin náà. Ẹ̀wà kì í so dáadáa lọ́dọ̀ wa bí a kò bá fi oògùn sí i. Bí ó bá ti ń yọ òdòdó ni kòkòrò á ti bò ó, ìgbà tí yóò bá fi gbó, èèpo lásán ló kù. Àwọn olóko kòkó sì ní oògùn. Ó wà nínú agolo nílé wọn, lábẹ́ ibùsùn, lórí àjà, nínú ilé ìdáná pàápàá. Ẹni tí kòkòrò bá ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ á lọ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, á pò ó mọ́ omi, á fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn. Elòmíràn ń fi pa ẹ̀wà gbígbẹ mọ́ nínú àpò. Wọ́n á ní kòkòrò ni kòkòrò, oògùn ni oògùn. Ní ọdún tó ṣáájú, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n gbé odindi agboolé kan lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín. Gbogbo wọn kọ́ ló padà.

Ọ̀gá àgíríkì tí wọ́n rán sí wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjẹ̀bú, tín-ín-rín, tí ń gun máṣìnì wá láti Adó. Ohun tó fẹ́ ni pé kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn jókòó, kí wọ́n kọ ohun tó tọ́ fún irè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n má tún fi oògùn kòkó fún ẹ̀wà mọ́. Ó ní bí àwa bá kọ ọ́, àwa la ó pa á mọ́. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé mo ka ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé mi sì ṣe é kà. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dún náà. Ọjà kan náà ni a jọ ń ná.

Kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń pàdé, ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti oko dé. Àwọn bàbá wọ̀nyí á ká ara wọn kò sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kòkó la kọ́kọ́ ṣe. A kọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ já èyí tó ti rà dànù, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n gé ẹ̀ka tó dí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n tó ronú kan oògùn rárá. Lẹ́yìn èyí ni a bọ́ sórí àgbàdo.

"Bí kòkòrò bá wọ inú igi àgbàdo ńkọ́?" bàbá kan béèrè.

Ọ̀gá ní, "Ẹ fà á tu, ẹ sun ún. Ẹ tètè gbin èyí tó kàn. Àgbàdo kò nílò oògùn."

Olóko kòkó kan wà láàárín wa tí kì í jẹ́ kí ìpàdé gbẹ. Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, tètè kọ ìyẹn sílẹ̀. Ìjọba ló sọ pé ká má ra nǹkan. Kọ ọ́ kí wọ́n tó yí ọkàn padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń dún.

Nígbà tó kan ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀gá ní oògùn ẹ̀wà wà, ó yàtọ̀ sí ti kòkó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí a fín in, nígbà òdòdó àti nígbà tí èso bá ń yọ, kí ó sì pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó ká ẹ̀wà náà fún jíjẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí ló dá wa dúró. Báwo ni èèyàn yóò ṣe mọ̀ pé oògùn wà lára oko? Àṣà wa ni pé ẹni tí ebi bá pa ní ọ̀nà oko lè ká nǹkan jẹ lójú ibẹ̀ nínú oko ẹlòmíràn, bí kò bá ti gbé e lọ sílé. A kò lè sọ pé kí ebi má pa èèyàn mọ́.

"Mo lè kọ ọ́ sára pátákó," ni ọ̀gá wí. "Oògùn wà níbí, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ta ni yóò kà á?" ni olóko kòkó dáhùn. "Ewúrẹ́?"

Alága wa, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, ní ààlè ni kí a fi. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń ka ìwé yìí lè má mọ ààlè mọ́. Èèyàn á ta àkísà pupa mọ́ ara igi, tàbí kó so ìkarahun ìgbín àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó mọ́ nǹkan tí kò fẹ́ kí olè mú, olè tó bá rí i á sì mọ̀ pé ohun tó bá tẹ̀lé e, òun ló fà á. A máa ń rí ààlè lórí igi ìdáná tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń gbé e.

Bàbá ìjọ kan tó wà níbẹ̀ mi orí. "Èmi kò lè gbé ìwé tí ààlè wà nínú rẹ̀ síwájú ìjọ. A ti kúrò nínú ìyẹn."

"A kò ní pe ohunkóhun sí i," ni alága wí. "Àkísà pupa lásán ni. Ojú ló wà fún."

"Tí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá," olóko kòkó wí, "àkísà náà ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú ọ̀gá dùn, nítorí ó ti rí nǹkan tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Mo kọ ọ́ báyìí pé: bí a bá fín oògùn sí ẹ̀wà, kí a ta àkísà pupa sí igun oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnikẹ́ni má sì ká ẹ̀wà ibẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé. Fún ẹ̀fọ́, mo kọ pé a kì í fín oògùn sí ẹ̀fọ́ rárá. Kí a fi ọwọ́ ṣa kòkòrò rẹ̀, kí a ku eérú sí i. Gbogbo wa gbà. Nígbà tí a ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ní ìpàdé yẹn, ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ ló wà lọ́kàn wa, èyí tí a pa ebè fún tí a sì ń bomi rin.

Tẹ̀tẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti roko, tí òjò rọ̀ sí i, á hù fúnra rẹ̀ láàárín ohun tí a gbìn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun gbin tẹ̀tẹ̀. Obìnrin tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín, kì í sì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ olóko, ì báà jẹ́ oko ọ̀tá rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ti ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n, torí oko tiwọn yàtọ̀. Àwọn ọkùnrin mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń kà mọ́ irè oko. Àwa obìnrin mélòó kan tó wà níbẹ̀ náà ń gbọ́ "ẹ̀wà", ẹ̀wà nìkan la sì ń rò.

Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é. Ìjọ Àládùúrà ló ń lọ, kò sì bẹ̀rù ohunkóhun tí wọ́n so mọ́ igi. Ó fẹ́ràn mi lọ́nà tirẹ̀, ìyẹn ni pé kì í jẹ́ kí n sinmi, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi wí. Nígbà tí àwọn ará ilé bá ń ka oṣù sí mi lára nítorí ọmọ, òun ló ń sọ pé kí wọ́n lọ ka ti àwọn ìyàwó tiwọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fín oògùn kejì, ó tẹ̀lé wa dé ẹ̀bá títì. Ọkọ mi gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó wọ kóòtù àtijọ́, ó sì fi aṣọ di imú.

"Ọmọ mi," Yèyé pè é, "ṣé oyin lo fẹ́ lọ fín ni?"

"Yèyé, ẹ kúrò lójú atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn tí mo ti ń mí kí bàbá rẹ tó fẹ́ mi."

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó sún sẹ́yìn, ó sì sún. Yèyé fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi. "Ìyàwó, ọ̀gá rẹ yìí gbẹ. Ṣé wọn kì í fún wọn lóúnjẹ ní Ìjẹ̀bú ni?"

"Gààrí ni wọ́n ń jẹ, Yèyé."

"Mo ti mọ̀. Sọ fún un kó wá jẹ iyán kí atẹ́gùn tó gbé e."

Nígbà tí wọ́n parí, ọkọ mi ta àkísà pupa sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Yèyé, ó sì sọ fún un kedere pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa ká ẹ̀wà ibẹ̀ títí òun yóò fi ní ó yá. Yèyé ní òun gbọ́. Ọkọ mi gba ọ̀nà oko iṣu lọ lọ́jọ́ náà, níbi tó máa ń sùn sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Adó láti gbé òfin tí mo ti dà kọ dáadáa lọ fún àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní Ọjà Ọba kí n tó wọkọ̀ padà. Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí mo délé. Yèyé ti gún iyán sílẹ̀, ó ti jókòó ti abọ́.

"Ìyàwó, jókòó. Ẹ̀fọ́ òní ju ẹ̀fọ́ lọ."

"Yèyé, mo ti jẹun ní Adó."

"Oúnjẹ ọjà. Ta ló mọ ẹni tó sè é? Fọ ọwọ́ rẹ. N kò bọ ẹ̀fọ́ yìí, ewé rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí a bá bọ irú èyí, omi ló ń gbé adùn rẹ̀ lọ."

Mo jókòó nítorí kí inú rẹ̀ lè dùn. Mo bu òkèlè díẹ̀, mo fi kan ẹ̀fọ́, ó sì dùn lóòótọ́. Òun jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu abọ́. Ó ń sọ fún mi nípa obìnrin kan nínú ìjọ wọn tó sùn lọ níbi ìṣọ́ òru tó sì ń sọ fún wọn pé ìran ni òun ń rí, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti kó abọ́ lọ sẹ́yìn nígbà tí ó pè mí.

"Ìyàwó, ẹnu mi ń ṣomi."

Mo padà bá a. Itọ́ ń dà láti ẹnu rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún, kò sì dá. Ojú rẹ̀ ń ṣomi, òógùn bò ó bí ẹni tó wà lẹ́bàá iná. Mo wo ojú rẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ fún wa ní ìpàdé pé bí ó ti máa ń rí nìyẹn.

"Yèyé, níbo lẹ ti já tẹ̀tẹ̀ yìí?"

"Nínú ẹ̀wà."

"Yèyé. A ta àkísà síbẹ̀."

"Ẹ̀wà lẹ ta àkísà fún. N kò fọwọ́ kan ẹ̀wà yín." Ó mí kanlẹ̀. "Ààlè ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé olè ni mí, tí àkísà máa lé mi nínú oko ọmọ mi?"

Mo pariwo pe àwọn ará ilé. Nígbà tí wọ́n dé, èmi náà ti ń bì, ojú mi sì ti ń ṣú bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú lọ́sàn-án gangan. Aládùúgbò kan wò wá, ó wo abọ́, ó sì ní, "Májèlé." Ó sáré lọ gbé epo pupa wá, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé epo ló ń pa májèlé. Wọ́n bu epo fún Yèyé mu, wọ́n bu fún mi. Mo ń sọ fún wọn pé oògùn ẹ̀wà ni, oògùn ẹ̀wà ni, wọ́n sì ń sọ pé kí n mu epo. Nígbà tí wọ́n gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Adó, nọ́ọ̀sì kan béèrè ohun tí wọ́n ti fún wa, mo sì sọ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ló tó ṣàlàyé fún mi pé irú oògùn yẹn fẹ́ràn epo, pé ńṣe ni epo ń gbé e wọ inú ara.

Ibùsùn wa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Wọ́n gún wa lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí wa lára. Ní ìrọ̀lẹ́, ojú Yèyé là díẹ̀.

"Ìyàwó."

"Yèyé."

"Ṣé ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé kí a má já tẹ̀tẹ̀?"

Mo ronú bóyá kí n purọ́ fún un. N kò lè purọ́. "Rárá, Yèyé. Ẹ̀wà la kọ."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ló wí, bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ó pa ojú dé. Ilẹ̀ mọ́, kò jí.

Nígbà tí mo padà sílé, wọ́n ti sin ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àkọ́bí Yèyé, ti dé láti ìlú ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń darí ilé. Ọ̀gá àgíríkì wá kí wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má wá, pé wọ́n lè nà án, ṣùgbọ́n ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, ó sì ṣàlàyé bí oògùn náà ṣe ń bà lé gbogbo ewé tó bá wà nínú oko, ìbáà ṣe èyí tí a gbìn ìbáà ṣe èyí tó hù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ ọ dé òpin. "Abọ́ mélòó ni wọ́n fi jẹ ẹ́?"

"Ọ̀kan ni mo gbọ́, Mà."

"Ọ̀kan kú, ọ̀kan kò kú."

"Màmá jẹ púpọ̀, Mà. Ìyàwó wa fi ọwọ́ kàn án lásán ni. Màmá sì ti dàgbà."

"Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ dìde." Ó gbé omi fún un mu. Kò sọ̀rọ̀ sí mi. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná lọ́tọ̀.

Ẹ̀wà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú. Ó ń so lọ. Kò sí oko ẹ̀wà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí lójú títì yẹn. Èso rẹ̀ gùn, ó kún, kò sí ihò kòkòrò lára rẹ̀. Mọ́tò tó bá ń kọjá á rọra. Alága àti ọ̀gá wá bá ọkọ mi. A ti tún òfin kọ nígbà náà. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí a bá ti fín oògùn sí, kí ẹnikẹ́ni má já ewé kankan níbẹ̀, kí a sì ro gbogbo tẹ̀tẹ̀ inú rẹ̀ kúrò kí a tó fín oògùn.

Alága ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé. Bí ilé yìí bá jẹ ẹ̀wà náà, gbogbo Ìyìn yóò gba òfin. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, wọn yóò padà sí oògùn kòkó, a ó sì tún máa gbé èèyàn lọ sí Adó."

"Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀," ọkọ mi wí.

Ó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ ìyá òun kan kò ní fi ohun tó pa ìyá wọn sẹ́nu nítorí òfin ìjọba. N kò lè bá a jiyàn. Bó bá jẹ́ ìyá mi ni, bóyá bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ìbá ṣe wí.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ìyá wọn, mo sì mọ ohun tí ẹ̀wà yẹn dúró fún. Mo ń bẹ̀rù. Bí mo bá gbóòórùn agolo oògùn ní ojúlé ẹnikẹ́ni, mo ń fi etí ìró bo imú. Mo ń fọ ẹ̀fọ́ títí yóò fi fẹ́ já sí wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé dá, mo lọ sí oko náà, mo já ẹ̀wà tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi iyọ̀ sè é nínú ìkòkò kékeré. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo kọjú sí ibi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ jù lọ, kí n lè tètè mọ̀ bí ojú mi bá fẹ́ ṣú. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo jókòó síbẹ̀ títí òjìji igi ìbẹ́pẹ fi kúrò lẹ́sẹ̀ mi tó sì gun ògiri. Ìmọ́lẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀wà náà dùn. Mo sunkún, nítorí pé òfin wa tọ́, àti nítorí pé Yèyé ìbá ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dìde. N kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Kíkọ ni tèmi. Ìròyìn ti kàn pé wọ́n fẹ́ pinnu lórí ẹ̀wà náà, nítorí náà èrò pọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàápàá wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé mo ti jẹ nínú rẹ̀, pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, pé ohunkóhun kò ṣe mí.

"Ta ló rí ọ?" alága béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà."

Olóko kòkó wo ilẹ̀. Kò dápàárá. "Ìyàwó wa, a kò ní irọ́ lo pa."

"Kò purọ́," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Èmi gbà pé ó jẹ ẹ́. Ó jẹ tẹ̀tẹ̀, kò kú. Ó jẹ ẹ̀wà, kò kú. Ẹ bi í ní ohun tó ń lò."

Mo wá ojú ọkọ mi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ó máa ń sọ fún mi pé òun kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, nínú kíláàsì yẹn, níbi tó ti lè wúlò. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì sọ̀rọ̀. Kí ni ìbá ṣe?

Alága ní ó tó, kí a lọ sílé.

Mo ti rò ó ní gbogbo ọ̀nà. Bí mo bá sè é ní gbangba, ní ojúde, tí mo pe alága àti àwọn obìnrin ọjà kí wọ́n wò mí, ṣé wọn ìbá gbà? Bóyá. Ohun tí mo bẹ̀rù lọ́jọ́ náà ni pé kí n má kú lójú èèyàn, kí ẹlòmíràn má sì bá mi bu òkèlè kí n tó mọ̀ bóyá ó dára. Ó dà bí ìwà ọlọ́gbọ́n nígbà náà. Ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí ó sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń fura sí, ẹ̀rí kọ́. Ó tilẹ̀ burú ju kí n dákẹ́ lọ.

Ọkọ mi fa ẹ̀wà náà tu, ó sun ún lójú títì. Àwọn tó ń kọjá rí iná náà, wọ́n sì lóye rẹ̀ ju òfin tí mo kọ lọ. Ìwé tí mo dà kọ wà ní Adó, n kò gbọ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ rí. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá dágbére fún mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun yóò kọ̀wé. Mo sọ fún un pé kó má ṣe kọ ọ́, pé kò ní dára fún mi nínú ilé tí wọ́n bá rí ìwé ọkùnrin.

Nígbà tí àkókò ẹ̀wà tún dé, ìgbálẹ̀ àti oògùn kòkó ni wọ́n padà sí. Mo ń rí wọn bí mo bá ń lọ sí ọjà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n wí, mo mọ ọ́n lórí bí orin ìsìn, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹni tó lè sọ ọ́ mọ́. Bí mo bá ya ẹsẹ̀ sẹ́bàá oko ẹnikẹ́ni, wọ́n á dẹ́kun ọ̀rọ̀ wọn títí n óò fi kọjá. Mo kọ́ láti gba òdìkejì títì.

Lọ́dún yẹn náà, wọ́n gbé ìyàwó olóko kòkó yẹn lọ sí Adó, òun àti ọmọ rẹ̀ kan. Ẹ̀wà ni wọ́n jẹ. Ọkọ mi lọ kí wọn. Èmi bọ́ aṣọ ilé, mo wọ ti òde, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. Mo ro bí wọn yóò ṣe wò mí bí mo bá wọlé, ìyá tó bímọ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀, àti èmi tí wọ́n mọ̀ pé n kì í kú. Mo bọ́ aṣọ náà, mo sì ká a.